Fẹ́tílà

Òru Ọjọ́bọ̀ ni, nílé iṣẹ́ irun àgùntàn
lẹ́bàá odò, ní Họ́dásífíìdì.
Ẹ̀rọ kẹta húkọ́, ó lọ irin mọ́ irin, ó dákẹ́.
Fọ́máànù na ohùn sókè:
"Ẹ bá mi pe fẹ́tílà!"

Etí mi, etí ọmọ Ìgèdè, gbọ́ fìtílà.
Mo wòkè. Iná ń tàn yòò,
abẹ́rẹ́ kò lè sọnù nílẹ̀ ibẹ̀.
Kí ni òyìnbó fẹ́ fi fìtílà ṣe nínú ìmọ́lẹ̀ yìí?
Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni mo wá ṣe, n kò wá jiyàn.
Mo sáré lọ yá tọ́ọ̀ṣì ọlọ́dẹ.
Mo gbé e dé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí,
Bashir náà rẹ́rìn-ín, òun tó gbé korobá wá
lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí wọ́n ní kó mú bọ́bìnnì.

Èèyàn ni fẹ́tílà.
Norman Haigh ni, ọkùnrin kúkúrú
tí eruku irun ti sọ ìpéǹpéjú rẹ̀ di funfun,
ìka rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án, kò sì sọ ibi tí ìkẹwàá wà.
Ó kọ́kọ́ ṣí fìlà,
ó wá wọ abẹ́ ẹ̀rọ bí ẹni wọlé àna.
Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ya irun kúrò láàrin eyín ẹ̀rọ
bí ìyá ṣe ń ya orí ọmọ tó ń sunkún:
rọra, rọra, ó ku díẹ̀.
Ẹ̀rọ gbà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Mo ní, "Kí ló dé tí wọ́n ń pè yín bẹ́ẹ̀?"
Ó ní òun kò mọ̀. Bàbá òun jẹ́ ẹ, bàbá bàbá òun náà jẹ́ ẹ.
Ìyàwó òun, tó bá ń tún ilé ṣe, ọ̀rọ̀ yẹn náà ló ń lò,
bí ara bá sì le, wọ́n á ní fẹ́tù onítọ̀hún dára.
Ọ̀rọ̀ tí à ń jẹ lójoojúmọ́,
ta ní ń bi í léèrè ilé bàbá rẹ̀?

Èmi bi í. Lọ́jọ́ ìsinmi mo lọ sí láíbìrì,
mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè tó nípọn ju ìrọ̀rí mi lọ.
Ibẹ̀ ni mo ti bá a, lẹ́tà wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà:
àwọn ará àtijọ́ ilẹ̀ náà ní ìgbànú kan,
fẹ́tẹ́lì ni wọ́n ń pè é.
Dídi ìgbànú di ìmúra.
Ìmúra di títún nǹkan ṣe.
Ẹni tó ń tún nǹkan ṣe wá di Norman,
lábẹ́ ẹ̀rọ kẹta, lóru.

Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ ti ilẹ̀kùn.
Nítorí kí ni ìyá mi máa ń sọ bí iṣẹ́ bá wọ̀ wá lọ́rùn?
"Ẹ di àmùrè."
Kò sọ pé ká lágbára. Kò sọ pé ká má sunkún.
Òun náà, kó tó gbé odó kalẹ̀,
á gbá ọ̀já mọ́dìí,
á tú u, á tún un so.
Ta ló rán ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀rọ̀ yẹn?
Wọn kò pàdé rí, omi òkun wà láàrin wọn.
Ó jọ pé níbi gbogbo tí nǹkan bá ti bà jẹ́,
ìbàdí lọwọ́ èèyàn kọ́kọ́ ń lọ.

Mo ṣàlàyé fún Norman lálẹ́ Mọ́ńdè.
Ó wo okùn tó fi so ṣòkòtò rẹ̀,
okùn ni, kì í ṣe bẹ́líìtì,
ó ní, "Ó yẹ kí n ra tuntun nìyẹn."

Ilé iṣẹ́ náà ti di fúláàtì báyìí.
Norman ti lọ síbi tí nǹkan kì í ti í bà jẹ́.
Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá yẹ̀ nílé mi,
bọ́ìlà, ẹsẹ̀ tábìlì, ọ̀rọ̀ àárín èmi àti ọmọ mi,
màá wí lábẹ́ ahọ́n pé, ẹ bá mi pe fìtílà,
màá fún ìgbànú mi le,
màá wá tọ́ọ̀ṣì.